Kí ló dé tí olè kì í fowó olè jayé nínú fíìmù Hollywood àtijọ́?

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Hollywood àtijọ́ bíi mẹ́ta mẹ́rin léra wọn, àwọn tí ò ní àwọ̀ yẹn, dúdú àti funfun nìkan, á ti fura sí nǹkan kan. Àwọn olè á jókòó, wọ́n á gbèrò, wọ́n á jalè náà láṣeyọrí, ìwọ gan-an tó ò ń wò wọ́n á ti máa bá wọn ṣàdúrà nínú ara ẹ, àfi kó wá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí fíìmù parí kí gbogbo ẹ̀ ṣàdédé dàrú. Nínú The Killing tí Stanley Kubrick ṣe ní 1956, ajá kékeré kan ló sáré wọ pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù yà fún un, àpótí já bọ́ ó sì ṣí, atẹ́gùn bàálù wá fọ́n gbogbo owó tí wọ́n jí káàkiri níbẹ̀ níṣojú ẹni tó gbé e wá. Ajá o! Kì í ṣe ọlọ́pàá.

Àwọn kan á ní àwọn tó ń kọ ìtàn nígbà yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀ ni. Àwọn míì á ní ìjọba Amẹ́ríkà ló ń fipá bá wọn parí ẹ̀. Méjèèjì kọ́. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Hays Code, kóòdù ni màá máa pè é níbí kó lè yá, àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù fúnra wọn ni wọ́n sì fọwọ́ ara wọn gbé e kọ́rùn. Ibi tó ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn, pé báwo lẹni tó ń tajà á ṣe máa fòfin de ọjà ara ẹ̀.

Ó níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1915, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé òwò lásán ni fíìmù, pé ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ táwọn ìwé ìròyìn ní ò kàn án. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di pé ìpínlẹ̀ tó bá wù ú lè gbé ìgbìmọ̀ sẹ́ńsọ̀ tiẹ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ohio á gé ibi kan, Pennsylvania á gé ibòmíì, Kansas á lóun ò fẹ́ rí ìyẹn rárá, fíìmù kan ṣoṣo á wá di oríṣiríṣi, owó sì ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ. Orí ìyẹn ni wọ́n wà tí wàhálà tún fi dé. Ní 1921 wọ́n fẹ̀sùn kan Roscoe Arbuckle, ọ̀kan nínú àwọn aláwàdà tó lókìkí jù nígbà yẹn, pé òun ló fa ikú ọmọbìnrin kan tó wá sí pátì tó ṣe ní San Francisco. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ní 1922, kódà ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ti bàjẹ́. Oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún yìnbọn pa William Desmond Taylor, olùdarí fíìmù, nínú ilé ẹ̀. Àwọn pásítọ̀ ń pariwo, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ń pariwo, àwọn olóṣèlú náà ti gbọ́ òórùn ìbò níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi Hollywood wé Sódómù nìyẹn.

Káwọn olóṣèlú tó ráyè ṣòfin, àwọn oníléeṣẹ́ yára kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1922, wọ́n sì lọ gbé Will Hays wá kó wá ṣolórí ẹ̀. Hays yìí ló ń ṣe mínísítà ìfìwéránṣẹ́ lábẹ́ Ààrẹ Harding tẹ́lẹ̀, àgbààgbà ìjọ Presbyterian sì ni, irú ẹni téèyàn máa rí tó máa gbà pé nǹkan ti ń dáa. Èrò wọn ò ju pé tá a bá ti ń na ọmọ wa nílé, ará ìta ò ní bá wa nà án.

Ará Nàìjíríà tó bá gbọ́ báyìí á fẹ́ fi wé àjọ sẹ́ńsọ̀ tiwa, ẹ má fi wé e o. Tiwa, National Film and Video Censors Board, òfin ìjọba ti 1993 ló gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá gbé fíìmù jáde láìgbàṣẹ ti tẹ òfin lójú. Ti Hollywood ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó lè wá gbé ẹ torí pé o rú kóòdù. Ohun tó wà níbẹ̀ le jù ọlọ́pàá lọ, màá débẹ̀.

Ọdún 1930 ni kóòdù fúnra ẹ̀ jáde. Fadá Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ Daniel Lord àti Martin Quigley tó ń tẹ ìwé ìròyìn fáwọn onísinimá ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀. Ìpìlẹ̀ ẹ̀ ni pé fíìmù ò gbọdọ̀ mú kí òǹwòran gbè sẹ́yìn oníṣẹ́ ibi. Wọn ò gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe ń jalè hàn kedere kẹ́nì kan má lọ kọ́ ọ. Panṣágà lè wà nínú ìtàn tí ìtàn náà ò bá lè dúró láìsí i, àmọ́ kò gbọdọ̀ dà bíi pé ó dùn. Wọn ò gbọdọ̀ fàlùfáà ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ títa oògùn olóró ò sì gbọdọ̀ yọjú.

Gbogbo wọn buwọ́ lù ú, wọ́n sì gbé e sápá kan. Ẹ rántí pé ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dojú dé láti 1929, kò sówó lọ́wọ́ aráàlú, fíìmù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni, ohun tó máa fa èèyàn wá sí sinimá ni wọ́n ń wá kiri, ìbọn àti obìnrin ni wọ́n sì rí. Àsìkò yìí ni Little Caesar àti The Public Enemy jáde, méjèèjì ní 1931, lẹ́yìn náà ni Scarface jáde ní 1932. Ti Scarface yìí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìtàn Al Capone, ògbólógbòó ọ̀daràn Chicago, ni, wọ́n kàn yí orúkọ padà ni, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn Hays ní kí wọ́n fi Ìtìjú Orílẹ̀-Èdè kún orúkọ ẹ̀, kí wọ́n sì ya ìparí míì tí adájọ́ á ti bá ọ̀daràn náà wí dáadáa kí wọ́n tó yẹgi fún un, torí pé nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà, ọlọ́pàá ló yìnbọn pa á lójú títì. Wọ́n yà á lóòótọ́, àmọ́ Paul Muni, òṣèré tó ṣe ọ̀daràn náà, ò sí níbẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n fi dípò ẹ̀, adájọ́ ń bá a wí lọ bí ẹni ń wàásù, ẹni tó ń bá wí ò ní ojú!

Ohun tó yí gbogbo ẹ̀ padà ni 1934. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Legion of Decency, àwọn ará ìjọ wá ń búra pé àwọn ò ní wo fíìmù tí ẹgbẹ́ náà bá dá lẹ́bi. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló búra. Ìgbà tọ́rọ̀ ti wá kan tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, àwọn oníléeṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀ tó máa rí sí kóòdù, wọ́n gbé Joseph Breen síbẹ̀, Kátólíìkì tó gbóná ni, kì í ṣe Hays tó jẹ́ pé ẹnu ló ń fi pẹ̀tù sí i. Láti oṣù keje 1934, ìtàn á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Breen lórí pépà kí wọ́n tó ya nǹkan kan, á fi létà dá a padà pé ẹ yọ eléyìí, ẹ tún tọ̀hún kọ, tí wọ́n bá wá yà á tán ó tún máa wò ó kó tó lu òǹtẹ̀. Léeṣẹ́ tó bá gbé fíìmù tí ò lóǹtẹ̀ jáde á san 25,000 dọ́là.

Owó ìtanràn yẹn gan-an kọ́ ló ń dẹ́rù bà wọ́n o. Àwọn léeṣẹ́ ńlá márùn-ún, MGM, Paramount, Warner, Fox àti RKO, àwọn kan náà ló ni àwọn ilé sinimá tó dáa jù láwọn ìlú ńlá, wọ́n sì ti fẹnu kò pé fíìmù tí ò lóǹtẹ̀ ò ní wọlé àwọn. O lè ya fíìmù ẹ bó o ṣe fẹ́, kò sẹ́ni tó dí ẹ lọ́wọ́, ibi tó o ti máa gbé e hàn ni ò ní sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣòwò rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó sọ ìtàn dà.

Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀daràn ló ti hàn jù. James Cagney tó jẹ́ jàǹdùkú nínú The Public Enemy ní 1931, ìgbà tó fi máa di 1935 léeṣẹ́ Warner kan náà ti sọ ọ́ di ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ nínú G Men. Ìbọn yẹn náà ló ń yìn, ìjà yẹn náà ló ń jà, ẹ̀gbẹ́ tó wà ló yí padà. Wọ́n ti rí i pé àwọn lè ta ariwo ìbọn bí àwọn ṣe ń tà á tẹ́lẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí báàjì bá ti wà ní àyà ẹni tó ń yìn ín.

Ti Double Indemnity tún jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Obìnrin kan àti aṣojú ìǹṣọ́ránsì gbìmọ̀ pọ̀ pa ọkọ obìnrin náà, wọ́n fẹ́ kó dà bíi pé inú ọkọ̀ ojú irin ló ti jábọ́ kí owó ìǹṣọ́ránsì lè di ìlọ́po méjì. Láti 1935 ni Breen ti kọ létà sáwọn léeṣẹ́ pé ìtàn yìí ò ṣeé ṣe láé, èèyàn méjì tó ń ṣàgbèrè, tí wọ́n tún pààyàn, tí wọ́n tún fi bí wọ́n ṣe pa á hàn lẹ́sẹẹsẹ. Ìtàn náà jókòó sílẹ̀ títí di 1944 tí Billy Wilder tó darí ẹ̀ àti Raymond Chandler tó bá a kọ ọ́ fi wá ọ̀nà wọ̀ ọ́. Nínú ìwé tí wọ́n ti yọ ọ́, àwọn méjèèjì fẹ́ para wọn ni, kóòdù ò sì fẹ́ kéèyàn fi bẹ́ẹ̀ sá fún ìdájọ́. Nínú fíìmù, wọ́n yìnbọn lu ara wọn, ọkùnrin náà wá wọ́ ara ẹ̀ dé ọ́fíìsì lóru pẹ̀lú ọta ìbọn lára, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń gbohùn sílẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gá ẹ̀. Inú ìjẹ́wọ́ yẹn la ti ń gbọ́ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n wọn? Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lo ti mọ̀ pé wọn ò ní jèrè ẹ̀, ọkàn Breen balẹ̀, ìwọ náà wá ráyè bá wọn dẹ́ṣẹ̀ fún odidi wákàtí kan àtààbọ̀. Wilder tiẹ̀ ya ìran tí wọ́n ti pa ọkùnrin náà nínú yàrá gáàsì, ó padà yọ ọ́ fúnra ẹ̀, mo rò pé ohun tó dáa jù tó ṣe nìyẹn.

Kódà fíìmù tó wá láti ìlú míì ò bọ́. Kind Hearts and Coronets, àwàdà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1949, ọ̀dọ́kùnrin kan ń pa àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kóun lè joyè, Alec Guinness nìkan ló ṣe gbogbo àwọn tó ń pa yẹn, tọkùnrin tobìnrin. Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn tí kò mọ̀ nǹkan kan nípa ẹ̀, ó rántí pé òun ti gbàgbé ìwé tóun kọ gbogbo ìpànìyàn òun sí nínú yàrá ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pa iná, kó o máa rò ó fúnra ẹ. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kún un tó fi hàn pé ìwé ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni o, ó sì ba àwàdà náà jẹ́.

Àwọn tí ìtàn wọn ò yé èèyàn rárá náà ńkọ́? The Big Sleep ti 1946 ni gbogbo ayé máa ń pe orúkọ ẹ̀. Humphrey Bogart ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìwé kan, òǹwòran ò sì mọ̀ dọ́la ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gan-an tó fi di nǹkan àṣírí. Nínú ìwé Chandler tí wọ́n ti yọ fíìmù náà, àwòrán oníhòòhò ni wọ́n ń yá àwọn èèyàn lábẹ́lẹ̀, kóòdù ò gbà kí wọ́n sọ ọ́, wọ́n wá gbé ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ láìsọ òwò ẹ̀. Ẹni tó pa ọkùnrin tí wọ́n ń wá nínú ìwé náà, wọ́n ti yí i padà nínú fíìmù. Àmọ́ ká má di gbogbo ẹrù ru Breen. Léeṣẹ́ náà ti fi fíìmù yìí han àwọn sójà ní 1945, wọ́n wá padà lọ ya àwọn ìran míì kí Bogart àti Lauren Bacall lè máa bá ara wọn ṣeré ìfẹ́ sí i, wọ́n sì yọ ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kí àyè lè gba tuntun. Ti dírẹ́bà tí wọ́n bá òkú ẹ̀ nínú mọ́tò nínú omi sì tún wà níbẹ̀, ìtàn táwọn tó ṣe fíìmù náà máa ń sọ ni pé wọ́n fi wáyà bi Chandler pé ta ló pa á, òun tó kọ ìwé ní òun náà ò mọ̀. Torí náà tí kò bá yé ẹ, fọkàn balẹ̀, gbádùn ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Àwàdà ní tiẹ̀ fi kóòdù ṣe eré ni. Nínú The Miracle of Morgan's Creek tó jáde ní 1944, ọmọbìnrin kan lọ síbi ijó tí wọ́n fi ń sin àwọn sójà lọ sójú ogun, ó jí lọ́jọ́ kejì, ó rántí pé òun fẹ́ ẹnì kan, kò rántí ẹni náà, oyún sì ti dé. Preston Sturges tó ṣe fíìmù náà mọ̀ pé òun ò lè ní ó mutí yó, ó wá jẹ́ kó forí gbá nǹkan lókè nígbà tó ń jó. Òun ò lè ní ó lóyún láìlọ́kọ, ó wá sọ pé ó lọ́kọ, ọkọ ọ̀hún ni wọn ò rí. Gbogbo nǹkan tófin fẹ́ ló wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan tófin ò fẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí sáàárín. Ọ̀rọ̀ pé tọkọtaya gbọ́dọ̀ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì méjì, pé ìfẹnukonu ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, tẹ́ ẹ bá ka kóòdù tẹ́ ẹ ò rí i níbẹ̀ kó má yà yín lẹ́nu. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fọgbọ́n ṣe ọ̀rọ̀ yàrá ìbùsùn, kí ìfẹnukonu má sì pọ̀ jù. Àwọn tó ń lo òfin náà ló wá ń fún un ní ìwọ̀n. Hitchcock, olùdarí fíìmù, náà ò jà, nínú Notorious ó jẹ́ kí Cary Grant àti Ingrid Bergman fẹnu konu díẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n tún fẹnu konu, kí wọ́n rìn lọ síbi tẹlifóònù, ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì sígbà kankan tẹ́nu pẹ́ lórí ẹnu.

Fíìmù ogun, ọ̀gá méjì ló ń sìn. Ẹ wo Casablanca, tó jáde ní 1942. Ilsa ní ọkọ, ó sì ti bá Rick ṣe ìfẹ́ ní Paris. Báwo ni Breen ṣe gbà á? Wọ́n ní nígbà yẹn ó rò pé ọkọ òun ti kú sí àgọ́ àwọn Násì. Lálẹ́ ọjọ́ kan nílé Rick wọ́n dì mọ́ra, àwòrán wá lọ sórí ilé gogoro pápákọ̀ òfuurufú, ìgbà tó fi padà dé Rick ti ń mu sìgá lójú fèrèsé, títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, bí wọ́n sì ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Nígbẹ̀yìn Ilsa bá ọkọ ẹ̀ wọ bàálù lọ. Àwọn èèyàn máa ń sunkún níbẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ obìnrin tó fi ọkọ ẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé àlè láìjìyà ò lè gba òǹtẹ̀.

Ọ̀gá kejì ni ìjọba, ibí yìí nìjọba ti wọ ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́. Láti 1942, Office of War Information ń ka ìwé ìtàn àwọn fíìmù, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi wọ́n ni pé ṣé fíìmù yìí á ràn wá lọ́wọ́ láti borí ogun. Lẹ́yìn ogun náà, tó o bá fẹ́ yá bárékè àti sójà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun, o gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu wọn. From Here to Eternity ti 1953 sin ọ̀gá méjèèjì: nínú ìwé tí wọ́n ti yọ ọ́, ọ̀gágun tó ń fìyà jẹ sójà abẹ́ ẹ̀ gba ìgbéga, nínú fíìmù àwọn ológun lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé aṣẹ́wó tó wà nínú ìwé sì di ilé fàájì, táwọn ọmọbìnrin kàn ń bá sójà jókòó sọ̀rọ̀, kí gbogbo wa ṣe bí ẹni tí ò mọ̀.

Ibì kan wà nínú kóòdù náà tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ó fòfin de ìfẹ́ láàárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú, bó ṣe wà lákọsílẹ̀ nìyẹn, ní ìlà kan ṣoṣo. Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ṣe Pinky ní 1949, ìtàn ọmọbìnrin dúdú tí ara ẹ̀ pupa débi tí wọ́n ń rò pé òyìnbó ni, Jeanne Crain tó jẹ́ òyìnbó pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe é, torí òyìnbó ló máa dì mọ́ ọn nínú fíìmù. Ọdún 1956 ni wọ́n tó yọ ìlà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù àsìkò yẹn tẹ́ ẹ ń bi ara yín pé ṣé àwọn dúdú ò ní ìfẹ́ ni, àbí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, ìlà yẹn wà lára ìdáhùn ẹ̀, ìyókù ẹ̀ ni àwọn onísinimá Gúúsù tí wọn ò fẹ́ rí wọn.

Bó ṣe parí ò gba àlàyé púpọ̀, ẹ sáà rántí ohun tí mo sọ nípa ilé sinimá. Ní 1948 ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé àwọn léeṣẹ́ ò gbọdọ̀ dìídì ní ilé sinimá mọ́ bẹ́ẹ̀, ìdè ti já. Ní 1952, lórí fíìmù Ítálì kan tí Roberto Rossellini ṣe, ilé ẹjọ́ náà gbé ọ̀rọ̀ tó sọ ní 1915 mì, ó ní fíìmù náà ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Tẹlifíṣàn sì ti ń kó èèyàn kúrò ní sinimá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, olùdarí fíìmù kan, Otto Preminger, gbé The Moon Is Blue jáde láìsí òǹtẹ̀, owó rọ̀jò. Ìgbà tí Bonnie and Clyde fi máa jáde ní 1967, kóòdù ti di òkú tí wọn ò tíì sin, wọ́n sin ín ní oṣù kọkànlá 1968 nígbà tí ètò fífi ọjọ́ orí pín fíìmù gba ipò ẹ̀.

Àríyànjiyàn náà ò kú ṣá. Ní 2024 ni àjọ sẹ́ńsọ̀ tiwa kéde pé àwọn ò ní gbà kí fíìmù máa gbé oògùn owó lárugẹ mọ́, ohun táwọn èèyàn sì sọ lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá ka létà Breen á rò pé òun ti gbọ́ ọ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i fúnra ẹ̀, ọdún tí fíìmù jáde ni kó kọ́kọ́ wò. Tó bá jáde láàárín 1930 sí àárín 1934, kó múra sílẹ̀, àwọn èèyàn inú ẹ̀ le. Kó wo The Public Enemy lálẹ́ ọjọ́ kan, kó wo G Men lálẹ́ ọjọ́ kejì, kó máa wo Cagney nìkan.